Ìńṣọ́ránsì ẹ̀mí ní Ìkòròdú: ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n máa gba owó yan éjẹ́ǹtì

"Èló ni lóṣù?" ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń bi éjẹ́ǹtì ìńṣọ́ránsì ní Ìkòròdú. Ó ṣì kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa lo ìńṣọ́ránsì ẹ̀mí, ẹni tó rà á sábà máa ń ti kú. Ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ló máa kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì, wọn ò sì ní mọ ohunkóhun nípa àdéhùn ẹnu tó wáyé ní ìsọ̀ yín ní ọjà Sábó. Ohun tó bá wà nínú ìwé nìkan ni wọ́n máa bá lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ilé máa nílò. Ká ní owó oúnjẹ, owó ilé, iná àti owó ilé ìwé yín jẹ́ 150,000 náírà lóṣù, ìyẹn 1,800,000 lọ́dún. Tí àbíkẹ́yìn bá jẹ́ ọmọ ọdún 8, ó ku ọdún 10 kó tó pé 18, ó di 18,000,000. Ẹ fi gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù 1,200,000 kún un, kí ẹ yọ 2,200,000 tó wà ní báńkì kúrò, ó ku 17,000,000. Iye tí ẹ máa béèrè nìyẹn. Bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i, ẹ máa tún un ṣírò ní ọdún méjì méjì. Ẹni tó bá ra 1,000,000 torí pé owó oṣù rẹ̀ rọrùn, owó ìsìnkú ló rà.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Term life ní iye ọdún tirẹ̀: tí ikú bá dé láàárín ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n á san; tí kò bá dé, kò sí owó tó ń padà bọ̀. Endowment ní owó ìfipamọ́ nínú, wọ́n á san án tí ọdún bá pé tàbí tí ẹni tó rà á bá kú ṣáájú. Iye kan náà tí ẹ bá san fún méjèèjì, term ló máa fi owó tó pọ̀ jù sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, term ni mo fara mọ́, kí ó wá ibòmíì fi owó pamọ́ sí.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú endowment ni pé àwọn éjẹ́ǹtì kan ń tà á bí ẹni ta àjọ. Ẹni tó bá ṣíwọ́ àjọ ní oṣù karùn-ún á gba owó rẹ̀. Ẹni tó bá ṣíwọ́ endowment ní oṣù karùn-ún lè má gba kọ́bọ̀, nítorí pé inú owó ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ kọmíṣàn éjẹ́ǹtì àti ìnáwó ilé iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ó máa tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ohun kan tó wà níbẹ̀ láti gbà padà. Torí náà, ẹ bi éjẹ́ǹtì pé, "Tí mo bá dúró ní oṣù kẹrìnlá, èló lẹ máa fún mi?" Kí ó kọ èsì rẹ̀ sórí bébà. Tí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ wá ẹlòmíì.

Fún Mùsùlùmí tí ọ̀rọ̀ èlé ń kọ lóminú, tákáfúlù, ìyẹn ìńṣọ́ránsì tó bá òfin Ìsìláàmù mu, wà, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìńṣọ́ránsì, sì ti fún àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Odógùnyàn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá: òfin Pension Reform Act ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tí òfin náà kàn ra ìńṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Ẹni tó ń gba 120,000 lóṣù, 4,320,000 nìyẹn. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló ń parí.

Ní ti éjẹ́ǹtì, NAICOM yìí kan náà ló ń fún ilé iṣẹ́ àti éjẹ́ǹtì ní ìwé àṣẹ. Ẹ ní kí ó fi tirẹ̀ hàn yín, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ pè, ẹ má pe èyí tó wà lórí káàdì tó fún yín. Owó kò gbọ́dọ̀ gba àpò rẹ̀ kọjá. Àkáǹtì tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ san án sí, kí ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ìwé àdéhùn yín. Òfin sọ ọ́ kedere pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní ààbò, owó tó bá sì há sọ́wọ́ éjẹ́ǹtì lè fa àríyànjiyàn gígùn. Tí títà bá ń lọ sókè sódò, ẹ béèrè bóyá ẹ lè san án lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ọjà Kérésì.

Fọ́ọ̀mù ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Éjẹ́ǹtì tó ń kánjú á ní, "Ẹ fọwọ́ sí i, màá kọ ìyókù." Ibi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí iṣẹ́ abẹ, á kọ "No" síbẹ̀ kí wọ́n má bàa ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tàbí fi owó kún iye tí ẹ máa san. Tí ikú bá dé, ilé iṣẹ́ lè béèrè fáìlì ilé ìwòsàn. Tí wọ́n bá rí i pé ẹ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹ tó fọwọ́ sí i, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó, ìbuwọ́lù yín ló sì wà nísàlẹ̀, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kí ó ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí yín létí ní Yorùbá, kí ẹ dáhùn bó ṣe rí, kí ẹ sì ya fótò gbogbo ojú ìwé kó tó gbé e lọ. Orúkọ àti ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ bá ti NIN mu.

Next of kin, ìyẹn ìbátan tó sún mọ́ yín jù, àti beneficiary kì í ṣe ohun kan náà. Beneficiary ni wọ́n máa sanwó fún. Tó bá ju ẹnì kan lọ, pàápàá nílé olórogún, ẹ kọ ìdá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nílò àgbàlagbà tó máa bá a gbà á. Tí ẹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ilé iṣẹ́ lè rán ẹbí lọ sí ilé ẹjọ́ gíga láti gba letter of administration, ìyẹn ìwé tó fúnni láṣẹ láti bójú tó ohun ìní òkú, èyí sì ń gba àkókò àti owó.

Ohun kan wà tí éjẹ́ǹtì kì í sábà sọ. Lọ́dọ̀ àwa níbí, Mùsùlùmí tó kú nílé ní òwúrọ̀ lè ti wọ ilẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán, láìsí dókítà tó rí i. Ilé iṣẹ́ á sì béèrè ẹ̀rí ikú. Kí ìsìnkú tó wáyé, kí ẹnì kan pe dókítà kí ó wá kọ ìwé ohun tó pa á. Tó bá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, ìwé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi orúkọ olóògbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ National Population Commission. Àwọn ìwé wọ̀nyí pẹ̀lú ojúlówó ìwé àdéhùn àti káàdì ìdánimọ̀ beneficiary ni wọ́n máa kó lọ sí ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì. Kí wọ́n gba ẹ̀dà tí ilé iṣẹ́ lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí, torí òun ni wọ́n máa fi bá NAICOM sọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la.