Àyẹ̀wò ọdún 2025: Ebi dákẹ́, aago ń lù

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ojú lọ́nà, torí mo mọ̀ pé mi ò kọ nǹkan kan láti oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ pè, ẹ̀yin tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó àti Ìbàdàn wá bá wa sin Màámi, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ ò ní fi irú rẹ̀ gbà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo ṣe ní oṣù Kẹta ọdún yìí, mi ò lè sọ. Oṣù Karùn-ún náà ti wọmi. Ikú Màámi ló gba gbogbo ọdún mọ́ mi lọ́wọ́. Àmọ́ mo ti ṣèlérí fún yín ní oṣù Kìíní pé màá sọ bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ Ozempic tí mò ń gún bá ṣe rí, ẹ sì ti ń béèrè. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí orúkọ Màámi ò ní wọ̀ ọ́, torí àwọn ló bá mi ṣe é.

Ẹ mọ ìtàn orúnkún mi tó ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ mọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Nígbà tí ṣúgà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́dún tó kọjá, Dókítà wa ní ká má dúró dìgbà tó bá di àtọ̀gbẹ. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n torí ẹ̀ gé ẹsẹ̀ bàbá mi, òun náà ló padà mú wọn lọ, nítorí náà kò pẹ́ kó tó yé mi. Mo gun òṣùwọ̀n, ó fi kílò 104 hàn. Dókítà bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ní jẹjẹrẹ thyroid, èyí tó máa ń mú kókó inú ọrùn, torí irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá wà nínú ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ lo oògùn yìí rárá. Ó bi mí bóyá òkúta ti di sínú òróòro mi rí. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ìgbà náà ló tó kọ semaglutide fún mi, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ozempic.

Kò sí idán nínú ohun tí oògùn náà ń ṣe. Bí a bá jẹun, ìfun wa máa ń tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní GLP-1, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti tó. Èyí tí ara ń ṣe kì í pẹ́ tó fi ń pòórá. Èyí tó wà nínú abẹ́rẹ́ máa ń wà lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ là ń gún un. Oúnjẹ á pẹ́ nínú ikùn, ọkàn kò sì ní máa fà sí i ṣáá. Ìwọ̀n kékeré, mílígíráàmù 0.25, la fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ara lè mọ̀ ọ́n, ká tó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Alẹ́ Sọ́ńdè ni tèmi. Màámi á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á tan iná fóònù wọn sí mi nínú torí NEPA. Màá yí ìdí pẹ́ẹ̀nì tí oògùn náà wà nínú rẹ̀ títí á fi dé nọ́ńbà tí Dókítà wí, màá ki abẹ́rẹ́ bọ awọ ikùn, kó jìnnà sí ìdodo díẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́. Bí nọ́ńbà bá ti padà sí òdo, a kì í yọ ọ́ kíá, a gbọ́dọ̀ ka ení dé ẹ̀fà kí oògùn tó wọlé tán. Màámi ló máa ń kà á. Nígbà tí inú wọn bá dùn, wọ́n á kà á dé ẹ̀wá.

Pẹ́ẹ̀nì tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Bí a bá ti ṣí i, ó lè wà níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bí ooru ò bá ju ìwọ̀n 30 lọ, àmọ́ yàrá ta ni kì í gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde? Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló san owó sólà kékeré tó ń gbé fíríìjì wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí i, èmi ò mọ ibi tí mi ò bá gbà.

Ẹ̀yin tó mọ Màámi mọ̀ pé oúnjẹ ilé-ìwé ni wọ́n tà jẹ títí agbára wọn fi dín kù. Aago ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ, kì í ṣe ebi. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wá pa ebi mi, tí èébì ń gbé mi ní oṣù àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé mo lè wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má rántí oúnjẹ, wọ́n á yọjú lẹ́nu ọ̀nà ìdáná: “Ebi lè má pa ọ́ o, àmọ́ aago ti lù.” Wọ́n á gbé ẹyin síwájú mi, tàbí ẹ̀wà, tàbí ẹja tútù, èyí tó bá jẹ́ amáradàgbà lákọ̀ọ́kọ́, kí n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Omi ńkọ́? Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Torí oògùn yìí lè dí ìgbẹ́ mọ́ èèyàn nínú. Gààrí Ìjẹ̀bú mi kò kúrò nílé, ife kékeré ló wọ̀. Àní wọ́n dá ìkọ́kọrẹ́ kan sílẹ̀ fún mi tí ẹja inú rẹ̀ pọ̀ ju ewùrà lọ. Àǹtí Ṣàgámù tọ́ ọ wò, ó ní ẹja ni èyí, ewùrà kàn bá a gbàlejò ni. Ó jẹ àwo méjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi nìyí: abẹ́rẹ́ máa ń mú ebi dákẹ́, kì í bọ́ni. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé jáde ní 2021, àwọn tó gún semaglutide tó jẹ́ mílígíráàmù 2.4 fún ọ̀sẹ̀ 68 fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ara àwọn kan nínú wọn wò fínnífínní, ó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tó lọ tí kì í ṣe ọ̀rá. Ẹran ara wà níbẹ̀, iṣan wà níbẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò ní iṣan tí yóò fi tọrẹ. Ìdí nìyẹn tí Dókítà fi ní kí n máa gbé nǹkan tó wúwo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí ìrìn. Kẹ́ẹ̀gì omi ni mo ń lò. Mo ń jókòó sórí àga, mo ń dìde láì fọwọ́ ti nǹkan, títí itan mi á fi máa gbóná.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n jó ní Ojúde Ọba, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Ẹ rí fọ́tò. Ẹ ò rí Màámi lábẹ́ ìbòòji, tí wọ́n ń nawọ́ sí orúkún mi, tí wọ́n ń fi han gbogbo èèyàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 13, Kábíyèsí Awùjalẹ̀, Ọba Ṣíkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà. Màámi ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni àwọn nígbà tí wọ́n gorí ìtẹ́ ní 1960, àwọn ò mọ bí ìlú ṣe ń rí láìsí wọn. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Màámi sùn, wọn ò jí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àǹtí Ṣàgámù. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé àwo mọ́ínmọ́ín tẹ̀ lé mi láti abẹ́ kánópì dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní bí mi ò bá jẹ ẹ́, àwọn á gbé e wọ inú báàgì mi. Mo rò pé eré ni. Lálẹ́, mo ṣí báàgì láti mú kọ́kọ́rọ́, mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n wé e sínú ìnujú, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Òun ni mo jẹ lọ́jọ́ kejì. Òun nìkan náà ni.

Ìbànújẹ́ àti abẹ́rẹ́ pa pọ̀, kò sí ebi kankan tó ṣẹ́ kù. Òṣùwọ̀n ń wálẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń kí mi pé mo dára lójú. Àmọ́ irun ń já sínú kóòmù, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, mo na ọwọ́ láti gbé garawa omi kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, apá mi ń gbọ̀n. Mo gbé e kalẹ̀. Mo dúró tì í. Dókítà kò fi ìwọ̀n oògùn kún un, mílígíráàmù 1 la dúró lé. Ó ní oúnjẹ la máa fi kún. Báyìí, aago fóònù mi ń lù nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Àbúrò mi fẹ́ bá mi fi ohùn Màámi sí i, ó ní òun ní i nínú WhatsApp. Mo ní kó dúró ná. Kẹ́ẹ̀gì ti padà sọ́wọ́ mi ṣá, irun náà sì ti rọra ń dáwọ́ jíjá dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ibi tí mo ti ń rà á: ilé ìwòsàn tó kọ ọ́ fún yín ni kí ẹ ti béèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní oṣù Kẹfà 2024 pé ayédèrú Ozempic ti wọ ọjà ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, títí dé Amẹ́ríkà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí la fẹ́ sọ nípa èyí tí wọ́n ń tà lórí fóònù láìsí yìnyín nídìí rẹ̀? Ẹ má gún ohun tí dókítà ò mọ̀ nípa rẹ̀, mo bẹ̀ yín.

Àjọ yìí kan náà gbé ìlànà jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá yìí pé àgbàlagbà tí sísanra ti di àìsàn fún lè lo irú oògùn yìí, kí ètò oúnjẹ àti eré ìdárayá sì bá a rìn. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Mo tún ka èyí tó ń dẹ́rù bà mí: àwọn tó dáwọ́ semaglutide dúró nínú ìwádìí ọjọ́ sí, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọ nù ti padà. Ní Denmark, wọ́n ṣe ìwádìí pẹ̀lú liraglutide, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n oògùn yìí. Lẹ́yìn tí oògùn parí, àwọn tó ti ń ṣe eré ìdárayá pẹ̀lú rẹ̀ ni tiwọn kò padà tó ti àwọn tó gbára lé oògùn nìkan. Ibẹ̀ ni mo fi ìrètí mi sí. Owó abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí mo lè máa bẹ àbúrò mi títí ayé.

Kílò 92 ni mo fi parí ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti rọlẹ̀ débi pé Dókítà yọ ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀ kúrò, ṣúgà sì ti padà sí àyè rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Telà ti wá wọn wá fún aṣọ ẹgbẹ́ ti 2026, mo ní kó fi àyè sílẹ̀ nínú ojú rírán, kó má gé e kúrò.

Oṣù Kejì ni èmi àti Dókítà máa jókòó lórí bóyá ká dúró síbi tí a wà tàbí ká máa dín in kù. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ìrìn Sátidé kò ní yẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ń gbéra lẹ́nu géètì pápá ìṣeré. Ìyá Ìmọ̀wò ní kí n kìlọ̀ fún yín pé wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá pẹ́ á bá wa lọ́nà Òkè-Ẹ̀rí.