Kúlà Ìrẹsì Ṣíwájú Wa Dé Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, orúkọ ìlú ni kó máa tẹ́tí sí, kó fi orúkọ èèyàn sílẹ̀. Ní 2020 ni ìjọba fi orúkọ àwọn ẹni ńlá sọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin náà. Papalanto di ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, Abẹ́òkúta di ti Wọlé Ṣóyinká, Mọ́níyà n'Ìbàdàn di ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Bàbá Dúpẹ́ ò yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Ó kó ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti kúlà ìrẹsì, ó di Aké, àdúgbò tí Ṣóyinká gbé dàgbà kó tó di ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Láti Agége ló ti sọ ara rẹ̀ di tíṣà: ọmọ Ẹ̀gbá ni Fúnmiláyọ̀, òun ló ṣáájú àwọn obìnrin tó bá Aláké fa wàhálà owó orí, títí ọba fi kúrò lórí oyè ní 1949. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ yẹn gan-an ló sì kó bá a. Bó ṣe gbọ́ "Ransome-Kuti" báyìí, ó fò dìde.

"A ti dé Abẹ́òkúta! Ẹ sọ̀kalẹ̀!"

"Bàbá Dúpẹ́, mi ò tíì rí Olúmọ o."

"Ṣé orí Olúmọ ni rélùwéè ń gbà ni?"

Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ọkọ̀ náà fi ń dúró. Ìgbà tó ṣí tán ni wọ́n rántí kúlà. Ẹrù abẹ́ ìjókòó ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Tòkè, ojú á kàn án. Ìrẹsì gba Abẹ́òkúta kọjá láìwẹ̀yìn, ó lọ kí Awólọ́wọ̀.

"Dádì, ṣé ilé Ṣóyinká nìyí?" Àbúrò Dúpẹ́ ń wo ibùdókọ̀. "Bàbá yẹn lówó o!"

Ẹni tó bá ṣì sọ̀ ní Papalanto, kó má dúró de rélùwéè mìíràn. Wọn ò pọ̀ lójúmọ́. Kó wá títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta lọ, kó wọ bọ́ọ̀sì. Ewékorò ni yóò gbà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, kó yáa ti fèrèsé pa. Bàbá Dúpẹ́ ò tì í. Búbá funfun rẹ̀ ò padà sí funfun mọ́. Ká tiẹ̀ ní ibi tó yẹ ni wọ́n ti sọ̀, Ládẹ́rin ni ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta wà, èèyàn ṣì máa wọ takisí kó tó dé Aké.

Òwúrọ̀ ló yẹ kéèyàn gun Olúmọ. Ọ̀sán gangan ni tiwọn, òkúta ti gbóná, ebi sì ń pa àwọn ọmọ. Láfún ni wọ́n rí rà. Àwọn ọmọ Èkó wò ó, wọ́n ń sunkún ìrẹsì.

Ní Aké, ìyá àgbà kan bi wọ́n ibi tí wọ́n ń lọ.

"Ìlú Ṣóyinká la wá wò, mà."

"Ẹ káàbọ̀ o. Ibí la bí i sí lóòótọ́. Àmọ́ ará Ìsarà ni bàbá rẹ̀. Ṣé ìlú ìyá lẹ máa ń pè ní ìlú ẹni l'Ẹ́kòó ni?"

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Dúpẹ́, orúkọ ta ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ ti Ìsarà?"