Ẹ̀rọ dírípù mẹ́rin tí mo kó tà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ìtàn Dick Cheney ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Òun ni igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, nígbà tí dókítà rẹ̀ ní kí wọ́n pa apá tó ń gba àṣẹ láti inú afẹ́fẹ́ lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí i láyà, kí ọ̀tá má baà fi pa á. Ìtàn náà dùn. Àmọ́ èmi ò tíì pàdé ọ̀tá ààrẹ ní wọ́ọ̀dù rí. Àìbìkítà ni mo ń bá pàdé, tèmi ló sì ṣáájú.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ níbí ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí n kó ẹ̀rọ dírípù mẹ́rin tó ti gbó, irú èyí tó ń wọn oògùn sára aláìsàn, fún ẹni tó ń ra àlòkù. Mo nu eruku wọn, mo ká wáyà wọn, mo gba ìwé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi bi mí pé, "Ṣé o pa ohun tó wà nínú wọn rẹ́?" Mo ní kí ló tún wà nínú dírípù ju omi lọ. Ó kàn wò mí.

Orí Wi-Fi ni ẹ̀rọ yẹn ti ń gba ìlànà ìwọ̀n oògùn, nítorí náà páswọ́ọ̀dù wa wà nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo fi ṣe èènì fún oníbàárà! Ẹyọ páswọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ wa sì ń lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń ti wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn, tí à ń yí i pa dà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣépè fún wa lábẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Wi-Fi lásán ni. Lóṣù keje ọdún 2015, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, gba àwọn ilé ìwòsàn níyànjú pé kí wọ́n má lo ẹ̀rọ dírípù Symbiq mọ́, torí ẹni tó bá ti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn lè ti ibẹ̀ yí ìwọ̀n oògùn aláìsàn pa dà. Lọ́dún 2023, Rapid7, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, ra ẹ̀rọ dírípù 13 ní àlòkù, wọ́n sì bá páswọ́ọ̀dù Wi-Fi àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tòkunbọ̀ kúkú ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ ń tún ṣe.

Yíyọ bátìrì kì í pa páswọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ rẹ́ o. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbàgbọ́ nìyẹn. Ní báyìí, mo máa ń dá ẹ̀rọ pa dà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, màá tún tàn án nínú wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣì wọ Wi-Fi wa fúnra rẹ̀, kò lọ síbì kankan.