Ara Ló Ń Kọ́kọ́ Balẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Àbúrò Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́ l'Ékòó

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ má dúró de ibi tó parọ́rọ́ kí ẹ tó wá ìfọ̀kànbalẹ̀. Ta ni ì bá rí i l'Ékòó? Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Màrínà, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ti jí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló gbọ́ sùn, ìpè ìrun ló gbọ́ jí, ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé sì ń ṣe àìsùn lọ́wọ́. Ariwo ò ní tán. Ohun tó ṣe é kọ́ ni bí ènìyàn ṣe lè wà láàárín rẹ̀ kí ara rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ara ni mo wí o, n kò tíì dé orí ọkàn. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: inú ń bí mi, àyà mi já, orí mi gbóná, ojú ń kán mi, ara mi ò lélẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí kò ní ẹ̀yà ara nínú. Èdè wa ti tọ́ka sí ibi tí ẹ ó ti wá a, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀kọ́ kankan dé láti òkè òkun. Ẹni tí inú ń bí, ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ti le. Ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná, eyín rẹ̀ ti pàdé, ejìká rẹ̀ sì ti ń gun òkè lọ bá etí. Kí nǹkan balẹ̀, kó kan ilẹ̀ nìyẹn. Tí àgbà bá sì ní kí ọmọdé fara balẹ̀, ara ló dárúkọ, kò dárúkọ ọkàn. Ọkàn á tẹ̀lé e.

Èémí ni èkù tí a fi ń di ara mú. Tí a bá ń mí sínú, lílù àyà máa ń yára díẹ̀. Tí a bá ń mí síta, á rọra. Iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí àyà àti ikùn ló ń fà á níjàánu. Ìdí nìyẹn tí mímí síta fi gbọ́dọ̀ gùn ju mímí sínú lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá há, ẹ tú ihò kan. Ẹ gbé ọwọ́ kan sí abẹ́ ìdodo. Ẹ fi imú mí sínú, ẹ ka 1 dé 4, kí ọwọ́ yẹn rọra sún síwájú. Ẹ mí síta, ẹ ka 1 dé 6, bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná tí kò fẹ́ kó ta sí òun lára. Mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́fà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìyẹn jẹ́ èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí tó 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ọgbọ̀n èémí, ó tó fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ jù nìyí: ènìyàn á fa èémí ńlá, bí ẹni fẹ́ wọ odò. Láìpẹ́ òòyì á máa kọ́ ọ, ètè àti ọmọ ìka á máa ṣe é bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára ẹni. Ẹ̀rù á bà á, á tún fa èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó fà á ni pé ó ti lé carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, jáde ju bí ara ṣe fẹ́ lọ, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ sì fún pọ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí èémí kéré, kì í ṣe kó tóbi. Bí kíka 4 àti 6 bá gùn jù fún yín, ẹ ka 3 àti 5. Bí ejìká bá ń gòkè, àyà lẹ fi ń mí, ẹ padà sí ikùn.

Àṣìṣe kejì ni pé àwọn ènìyàn fẹ́ kí orí ṣófo. Orí ẹni tó wà láàyè kì í ṣófo. Ẹ máa ka èémí láti 1 dé 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ní 4, ẹ ó rántí owó ilé. Ní ìgbà mìíràn ẹ ó bá ara yín ní 17 láìmọ ìgbà tí ẹ kọjá 10. Ẹ padà sí 1, ẹ má bá ara yín jà. Ìpadà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó ṣáko nígbà ogún tó sì padà nígbà ogún, ó ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó jókòó tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń sùn lọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin ló ń sùn lálẹ́, gbèsè oorun ló ń san. Kó lọ sùn.

Ní 1979, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jon Kabat-Zinn, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìfarabalẹ̀ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ìrora wọn kò gbọ́ oògùn. Inú ẹ̀sìn Búdà ló ti mú un, ṣùgbọ́n kò fi àdúrà tàbí òrìṣà kankan sí i, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé ẹ ó ṣe ẹ̀sìn ẹlòmíràn, ẹ lè fi ṣáájú ìrun tàbí àdúrà tiyín. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣe nílé. Lójú tèmi, ẹni tó ń wọ dánfó ní aago márùn-ún kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí a sọ ọ́ ní gbangba ju kí ẹ gbìyànjú ọjọ́ méjì kí ẹ pa á tì. Ohun kan tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo. Níbí, ẹ̀pà.

Ẹ ra ẹ̀pà sísun, ẹ mú hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wò ó bí ẹni tí kò rí ẹ̀pà rí. Èèpo rẹ̀ pupa bí irin tó dógùn-ún, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò yí i: èèpo á ṣí, á fẹ́ lọ. Ẹ là á sí méjì. Ní ìkángun apá kan, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ, ibẹ̀ ni ì bá ti hù. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbé e sórí ahọ́n, ẹ má jẹ ẹ́ o. Itọ́ á dà wá fúnra rẹ̀. Ẹ wá rún un ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó gbé e mì, kí ẹ sì wo bí adùn rẹ̀ ṣe ń pẹ́ dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ẹ̀pà kan. Ìyókù, ẹ dà á sẹ́nu bó ṣe wù yín. Lọ́jọ́ kejì, ní búkà, ẹ dojú fóònù délẹ̀, kí ẹ jẹ òkèlè mẹ́ta àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe jẹ ẹ̀pà yẹn.

Dánfó ló kù, ibẹ̀ sì ni ìdánwò wà. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ò ní ṣéńjì. Á mú ẹgbẹ̀rún náírà kan, á fi so ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí pọ̀, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ CMS kí ẹ máa wá ẹni tí yóò bá yín ṣẹ́ ẹ. Kí ẹ tó lanu, ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú ara. Ṣé ọ̀fun ló há? Ṣé ọwọ́ ti di ẹ̀ṣẹ́ lórí báàgì? Ẹ sọ ọ́ nínú yín: inú ń bí mi, ikùn mi ti le. Èémí mẹ́ta, ìdajì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ṣéńjì yín. Ẹ bèèrè rẹ̀ o! Àwọn kan rò pé ẹni tó ti kọ́ ìfarabalẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba ìyà mọ́ra. Rárá. Ọ̀gá tí kò san owó oṣù mẹ́ta, èémí kọ́ ló máa yanjú rẹ̀. Ìwé ni kí ẹ kọ, iṣẹ́ mìíràn ni kí ẹ máa wá. Èémí kàn lè má jẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ ni.

Ẹ má dijú ní Òṣòdì. Ẹ má dijú ní ibùdókọ̀ kankan, ká má tiwá sọ ti ẹni tó di ìdarí ọkọ̀ mú. Fóònù wà nínú báàgì, ojú là sílẹ̀. Lórí afárá Third Mainland, tí ẹ bá ń lọ sí Àìláńdì, ọ̀sà gbalasa wà lọ́wọ́ òsì yín: ẹ yan ọkọ̀ apẹja kan, ẹ máa wò ó títí yóò fi kọjá, kí ẹ tó yan òmíràn. Afárá náà ju kìlómítà mọ́kànlá lọ, àyè wà. Níbi tí èéfín bá pọ̀, bí Ojúẹlẹ́gba, ẹ fi èémí sílẹ̀, ẹ lo àtẹ́lẹsẹ̀: gìgísẹ̀, àárín, ọmọ ìka, bí ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà. Nílé, lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ náà ṣe é lò. Kì í ṣe ìró kan ṣoṣo. Tí fìríìjì ẹnì kan bá gbéra, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń kùn wálẹ̀ bí ẹni gbẹ́rù, kó tó tún mú ohùn padà. Ẹ máa tẹ̀lé e.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dijú, ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ló ń padà wá. Kí wọ́n má fipá ṣe é. Kí wọ́n lajú, kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan tútù, bí ọ̀rá omi, kí wọ́n dárúkọ ohun márùn-ún tí wọ́n ń rí. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò wù ú fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń ronú ikú, dókítà ló kàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ti wà láti 1907, kì í sì í ṣe àwọn tó ń rìn níhòòhò nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má torí èémí pa á tì.

Ẹ má gbìyànjú gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yan àkókò méjì tó ti wà nílẹ̀ lójúmọ́, irú bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ láàárọ̀ kí ọwọ́ tó kan fóònù, àti ẹnu ọ̀nà ilé nírọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kí ẹ tó ṣí i sí àwọn ará ilé. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá lọ láìṣe é, ẹ má ṣe ìṣẹ́jú ogún láti fi dí i. Márùn-ún ti òní náà ni kí ẹ ṣe.