Ẹṣin tó ń tú géètì wẹ́dà

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni Ìyá Ológì kan fèrèsé wa. Kò tilẹ̀ kí wa. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ wá mú ọmọ yín o. Ó ti tún dé." Mo wẹ̀yìn wò: Kúdí àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ń sùn lórí ẹní, ẹnì kan kò mira nínú wọn. Ọmọ tí obìnrin náà ń sọ ní ìrù, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì fi ń rìn.

Wẹ́dà ni mí. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń jó irin pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ yìí. Bí ẹ bá gba Àyétòrò wọ Pápá, tí ẹ rí géètì dúdú tí irin inú rẹ̀ ká bí ewé ẹ̀gúsí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo lè sọ̀yà pé olè kankan kò tíì já géètì mi rí. Ẹṣin kúkurú kan, tí orí rẹ̀ kò ga ju tèmi lọ, ló ń ṣí tinú ilé mi bí ìgbà téèyàn ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀.

Kí wẹ́dà máa wá ẹṣin kiri, ó ti jẹ́? Ilé Balógun kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí ìyá mi sí. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, lọ́jọ́ Ojúde Ọba, orí ẹṣin ni àwọn ará ilé wọn ti ń kí Awùjalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan níbẹ̀ wá ra ẹṣin kékeré lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń kó ẹṣin wá láti òkè, ó ní kí ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa gùn ún tẹ̀lé òun. Ẹ má rò pé ọmọ ẹṣin ni o. Ó ti gbó, bó ṣe máa ga mọ nìyẹn. Àwọn Birom ní òkè Plateau ní irú wọn, ẹṣin kúkurú tí pátákò rẹ̀ le bí òkúta. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ẹṣin lágbàáyé ní ẹṣin tí kò bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 148 lọ níbi èjìká, ẹgbẹ́ kúkurú ló wà. Mo gbé téèpù sí tèmi bí ìgbà tí mo bá ń wọn ẹnu ọ̀nà, 119 ló jẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gùn ún lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹṣin náà rìn dé àárín títì, ó ká ẹsẹ̀, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn. Ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó ní ọ̀kadà tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí: "Àbúrò, ìwọ lo ní ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bá mi tọ́jú rẹ̀ fóṣù mẹ́ta." Ọdún kẹta la wà yìí.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló sọ ọ́ ní Alábahun. Ó kéré, ó gbọ́n, kò sì sí ibi tí kì í dé.

Okùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n má purọ́. Mo so ó mọ́ igi àgbọn, ó fi eyín tú u kó tó di ọ̀sán. Mo wá ṣe géètì: páìpù, irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín, bóòtì tí wọ́n ń tì sínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ọjọ́ méjì ló fi wò ó. Mo ní ó wò ó, mo fojú ara mi rí i: ó dúró níwájú rẹ̀, etí síwájú, bí ọmọ ilé ìwé níwájú pátákó. Lọ́jọ́ kẹta ó na ètè òkè sí i. Ẹni tí kò bá sin ẹṣin rí kò lè mọ nǹkan tí ètè yẹn jẹ́. Ọwọ́ ni. Ó lè ṣa ẹ̀pà kan ṣoṣo kúrò láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ó gbé orí bóòtì sókè, ó wọ́ ọ sẹ́yìn, ó sì fi àyà ti géètì.

Mo fi ìkọ́ há bóòtì. Ọ̀sẹ̀ kan. Mo wá gbé bóòtì lọ sísàlẹ̀, síta, níbi tí ètè rẹ̀ kò lè dé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo tiẹ̀ pe Ìyá Kúdí wá wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bóòtì wà níbi tí mo tì í sí, ìkọ́ wà nínú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n géètì fúnra rẹ̀ ló sùn sílẹ̀ gbalaja.

Ibí ni ojú ti tì mí jù, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni. Hínjì méjì ló ń gbé irú géètì bẹ́ẹ̀ dúró. Ọ̀pá kékeré kan máa ń yọ lára òpó, a ó sì gbé ihò ara géètì kà á lórí. Bí ọ̀pá méjèèjì bá kọjú sókè, ẹni tó bá lágbára lè ki nǹkan bọ abẹ́ géètì, kó gbé e sókè, kó sì yọ kúrò lára hínjì láì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ohun tí wẹ́dà tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé kó dojú ọ̀pá tòkè kọ ilẹ̀, kí méjèèjì dojú kọra; géètì kò ní lè gòkè, kò ní lè sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ mi ni mo kọ́ bẹ́ẹ̀. Géètì oníbàárà, mo máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ti ẹṣin, mo ní ẹran lásán ni, mo fi méjèèjì kọ sókè torí kí n lè tètè parí. Alábahun ki ọrùn bọ abẹ́ irin tó dábùú, ó gbé orí sókè. Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní..." Mo ní kó lọ ra omi wá.

Mo tún hínjì ṣe. Mo fi agadágodo sí i. Ó wá yí sí ẹ̀yìn, níbi tí mo ti fi ọparun ṣọgbà, ó gbé ìdí tì í títí ó fi ya. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fa wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká. Dókítà ẹran kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin, kì í fi sùúrù fà sẹ́yìn bíi màlúù. Yóò máa jà nínú wáyà náà títí yóò fi ya ara rẹ̀ bí aṣọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò fi í sílẹ̀ kó máa rìn. Àkọ́kọ́, ọ̀nà wa ni àwọn típà oníyẹ̀pẹ̀ ń gbà, wọn kì í dúró de èèyàn, kí wọ́n tó dúró de ẹṣin. Èkejì, igbó etí ọ̀sà. Àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ẹṣin jagun láyé àtijọ́, àmọ́ ẹṣin wọn kì í pẹ́ nínú igbó ìsàlẹ̀. Eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsetse ni, bó bá gé ẹran jẹ, ó lè kó kòkòrò sí i lẹ́jẹ̀. Ẹran náà á máa gbóná, á máa rù, á sì kú bí a kò bá tètè gún un lábẹ́rẹ́. Mo ń sanwó kí dókítà lè máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ló sì fẹ́ pa mí: lọ́jọ́ kan a bá a nílé gàrí, ó ki ẹnu bọ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, èèpo ló sì wà jù. Ẹṣin kì í bì, bí Ọlọ́run ṣe dá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó bá wọlé ti wọlé. Gbogbo òru ọjọ́ náà ni mo fi jókòó tì í, tí mo ń gbé etí lé ikùn rẹ̀ bóyá ó ń kùn. Ó kùn. Mo wá rí i pé mo ti fẹ́ràn ẹran yìí láìmọ̀.

Ará ilé mi kan máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá wá, ó sì jókòó síbí fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó padà. "Ọba sá wá sí Ẹ̀pẹ́, ẹṣin rẹ ló ń sá kúrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n bi ara mi pé níbo ló tiẹ̀ ń sá lọ. Gbogbo agbára mi ni mo ti lò sórí bó ṣe ń jáde. N kò tíì béèrè ibi tó ń lọ rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, n kò dí ihò ọparun náà. Mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù nínú òkùnkùn, mo pa fóònù.

Ó kọjá aago méjì díẹ̀ nígbà tó jáde. Kò sáré. Ó ń rìn bí alhaji tó ń lọ kírun àsùbáà. Mo tẹ̀lé e lókèèrè láì wọ bàtà. Ó kọjá lára koríko tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó yà sí àgbàlá Ìyá Ológì. Ẹ̀yin èèyàn mi, abọ́ kan wà níta ẹnu ọ̀nà, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, eèrí ọkà kún inú rẹ̀. Obìnrin tó ń fi ìbínú jí mi láràárọ̀ ni!

Ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Kò jẹ ẹ́ tán. Ó yí sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí aládùúgbò wa so àgbò mẹ́fà tó fẹ́ tà nígbà Iléyá sí. Mo rò pé yóò jí koríko wọn jẹ. Ó kàn lọ dúró sáàárín wọn. Àgbò kan fi iwájú orí ha ẹsẹ̀ rẹ̀. Alábahun gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan rọ̀, ó dẹ ètè ìsàlẹ̀, ó sì sùn lórí ìdúró.

N kò lè lé e. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan títí Ìyá Ológì fi jáde wá sẹ́ ògì, tó bá èmi àti ẹṣin nílé rẹ̀. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ abọ́. Ó ní, "Ṣé kí ebi máa pa á ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń fún un lóúnjẹ bí ẹni tó ń fún ọmọ iṣẹ́."

Òótọ́ sì ni. Abọ́ ọkà bàbà kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, ó parí. Dókítà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, n kò fetí sí i dáadáa. Ikùn ẹṣin kéré sí ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló fi ń jẹun, àtàárọ̀ dalẹ́ àti lóru pẹ̀lú. Èyí tó bá wà ní pápá lè lo wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́ lórí koríko. Ọkà àpọ̀jù lè fún un ní inú rírun, ó sì lè ba pátákò rẹ̀ jẹ́. Ohun tó ń fẹ́ ni koríko, kó máa rí nǹkan jẹ lẹ́nu. Dókítà tún ní ẹṣin kì í dá gbé, agbo ni wọ́n fi ń rìn, bí ọ̀kan bá sùn òmíràn á máa ṣọ́ ọ. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn.

Mo dín ọkà kù. Àwọn ọmọ tó ń gé koríko fún àwọn onímàlúù ń gbé ìdì méjì wá fún mi lójúmọ́, mo sì ń kó o sínú àwọ̀n ìpẹja tó ti gbó tí mo gbà lọ́wọ́ apẹja kan. Mo fi ń kọ́ sára òpó, kí ó lè máa fa ewé kan kan yọ. Iṣẹ́ ńlá ni fún un. Ètè tó ń tú bóòtì ti rí nǹkan mìíràn ṣe.

Lẹ́yìn Iléyá mo ra abo àgùntàn kan tí ẹnì kan kò fẹ́, ó ti dàgbà, etí rẹ̀ kan ti ya. Kúdí sọ ọ́ ní Yánníbo, ìyàwó Alábahun. Ọjọ́ kìíní, ẹṣin náà yán títí gbogbo àdúgbò fi jáde. Láti ọjọ́ kejì, ibi tí ọ̀kan bá wà ni èkejì wà. Mo rọ́pò ọparun ẹ̀yìn pẹ̀lú páìpù, ọwọ́ mi sì rọ̀ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti jẹ agadágodo, mo gé e sọnù, mo padà sí bóòtì. Oṣù méjì kọjá. Kò jáde. Ìyá Ológì wá béèrè pé ṣé ara rẹ̀ le, ó gbé eèrí dání.

Láàárọ̀ Tuesday tó kọjá, mo dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo rí i pé géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìkọ́ wà nílẹ̀. Bóòtì wà níta ihò, itọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Àyà mi já. Mo sáré wọlé.

Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, ẹ̀yìn fi ẹ̀yìn ti. Alábahun gbé orí sókè, ó wò mí, ó wo géètì, ó sì gbé orí padà sílẹ̀.

Mo he ìkọ́, mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo tan ẹ̀rọ. Oníbàárà kan láti Nọ́fọ̀rìjà ti ní kí n ṣe irú bóòtì yẹn fún òun, pé òun gbọ́ pé ẹṣin kò lè ṣí i. Mo pè é pé kó ní sùúrù, iṣẹ́ kù díẹ̀.