Ilé tí ọ̀gá kọ́, tí òṣìṣẹ́ ń gbé

Ọ̀rọ̀ ìlú Pullman ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kà nípa ẹ̀. George Pullman, ọkùnrin tó ń ṣe kọ́ọ̀ṣì rélùwéè téèyàn lè sùn sí, ló kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago l'Amẹ́ríkà, 1880 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilé yẹn dáa o, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Bíríkì ni, omi ẹ̀rọ wà nínú ilé, gáàsì wà, wọ́n ń kó ìdọ̀tí dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé inú ilé pákó tó há gádígádí lọ̀pọ̀ lébìrà Chicago ń gbé. Àmọ́ kò sí ẹyọ kan tí òṣìṣẹ́ lè rà níbẹ̀. Ti kọ́ńpìnì ni ilé, ti kọ́ńpìnì ni ọjà àti láíbìrì, Pullman sì fẹ́ jèrè lórí gbogbo ẹ̀ pátá, débi pé ṣọ́ọ̀ṣì arẹwà tó kọ́ ṣófo fọ́dún mélòó kan torí rẹ́ǹtì ẹ̀ ti wọ́n jù, ìjọ wo ló fẹ́ san án?

Nígbà tí ọrọ̀ ajé wá dojú dé lọ́dún 1893, ó lé àwọn kan dànù, ó gé owó oṣù àwọn tó kù, bí ìdá mẹ́rin ni wọ́n yọ ìdá kan. Kò dín kọ́bọ̀ nínú rẹ́ǹtì. Àtinú owó iṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń yọ rẹ́ǹtì ọ̀hún, èèyàn á ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí wọ́n bá yọ owó ilé tán, ohun tó máa kàn án lọ́wọ́ ò ní tó ra búrẹ́dì fáwọn ọmọ. Ibẹ̀ ló ká mi lára jù. Ọ̀gá kan náà ló di owó rẹ mú, tó tún di ilẹ̀kùn rẹ mú, tóo bá bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀, níbo lo máa kó ìyàwó àtọmọ lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Wọ́n bínú náà ṣá. Oṣù karùn-ún 1894 ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Eugene Debs ń darí dá sí i, rélùwéè ò lọ ò bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi l'Amẹ́ríkà, Ààrẹ Cleveland kó sójà jáde, wọ́n pààyàn. Lọ́dún 1898 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Illinois pàṣẹ pé kí kọ́ńpìnì ta àwọn ilé yẹn, pé kọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gba ìwé àṣẹ láti ṣe, wọn ò gbàṣẹ láti máa ni ìlú. Pullman ti kú lọ́dún tó ṣáájú, irin àti kọ́ńkéré ni wọ́n rọ́ lé pósí ẹ̀, ẹbí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé àwọn òṣìṣẹ́ máa hú u jáde.

Ó ká mi lára bẹ́ẹ̀ torí pé kọ́tásì ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, iná ò kì í lọ níbẹ̀ torí jẹnẹrétọ̀ ńlá wọn, omi ń yọ ní kíṣìnì, ọ̀dà funfun ni wọ́n ń kun ògiri lọ́dọọdún. Ìyá mi tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú l'Abẹ́òkúta ló tẹnu mọ́ ọn pé ká ra ilẹ̀ l'Ọbantoko, bàbá mi á ní kí la ń sáré fún, ṣé iná ò wà ni? Ìyá mi ò bá a jà, bó bá ti tajà, á ra bulọ́ọ̀kù, á lọ tò ó síbẹ̀, koríko hù bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn náà ló ní kí wọ́n kó jáde nílé. Àwọn aládùúgbò wa kan kó ẹrù wọn sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwa wọ yàrá méjì tí ò tíì ní síìlìn l'Ọbantoko, a dúpẹ́.

William Lever náà kọ́ Port Sunlight nítòsí Liverpool láti 1888, fáwọn tó ń ṣe ọṣẹ ẹ̀, ilé ibẹ̀ rẹwà gan-an. Àmọ́ nígbà tó ń wá oko ọ̀pẹ, tí ìjọba òyìnbó ò fún un nílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó gba Congo lọ lọ́dún 1911, ọ̀dọ̀ ìjọba Belgium tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà yẹn, ó dá Leverville sílẹ̀, wọ́n sì ń fipá mú àwọn èèyàn dúdú gun ọ̀pẹ níbẹ̀. Ọkùnrin kan náà o! Ó dùn mí.

Ẹni tọ́rọ̀ yìí yé ni George Cadbury, oníṣokoléètì. Ó kọ́ Bournville lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birmingham, ilé tòun tọgbà, ṣùgbọ́n lọ́dún 1900 ó yọ ìlú náà kúrò lábẹ́ ara ẹ̀ àti kọ́ńpìnì, ó gbé e fún ìgbìmọ̀ kan kó máa bójú tó o. Ẹni tí ò bá wọn ṣiṣẹ́ rárá náà lè gbébẹ̀, ẹni tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ilé ò bá a bọ́.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe nìyẹn, láti Ewékorò tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960 títí dé Ọ̀tà àti Àgbárá. Bí ẹ bá fẹ́ ràn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lórí ilé, ẹ yá a lówó tí á máa san díẹ̀díẹ̀, kí ìwé ilẹ̀ jẹ́ orúkọ òun àti ìyàwó ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bẹ́ ẹ bá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, gbèsè nìkan lẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ò lè béèrè kọ́kọ́rọ́.