Ojú Géètì Hangzhou àti Ìbéèrè Bàbá Ìjọ̀ká

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ojú lẹ fi ń sanwó ẹran lọ́hùn-ún?"

Ìbéèrè tí Bàbá Ìjọ̀ká fi kí mi káàbọ̀ nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ ni, mi ò tíì gbọn eruku ọwọ́ mi nù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Àdúgbò Ìjọ̀ká ní Iléṣà ni ilé wọn wà, orúkọ àdúgbò ni gbogbo ẹbí sì fi ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ ayò ni mo bá wọn nídìí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àti aládùúgbò wọn kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sájẹ́ǹtì.

Ọdún méje ni mo ti lò ní Hangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ìwé ló gbé mi lọ ní 2018, iṣẹ́ ló dá mi dúró. Tí ọmọ Iléṣà bá ní Ṣáínà lòun ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ góòlù làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bá a sọ, nítorí pé ìdí kòtò góòlù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ ará Ṣáínà. Bàbá ò bi mí ní góòlù. Ojú ni wọ́n ń bèèrè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ní Hangzhou gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2017, ní ilé oúnjẹ KFC kan: o yan adìyẹ tí o fẹ́, o wo kámẹ́rà, o rẹ́rìn-ín díẹ̀, owó ti jáde nínú àkáǹtì rẹ. Sájẹ́ǹtì ní ẹ̀rín tí àwọn yóò máa rín lọ́jọ́ tí owó bá ti tán nínú àkáǹtì ni àwọn fẹ́ rí.

Mo wá sọ ti géètì fún wọn.

Lọ́dún tí mo débẹ̀, ilé tí wọ́n fi àwa akẹ́kọ̀ọ́ sí ní géètì onírin tó ń fi ojú dá èèyàn mọ̀. Wọ́n ti ya fọ́tò gbogbo wa sínú rẹ̀. Ọmọ Ṣáínà á dé, á wo gíláàsì pẹlẹbẹ tó wà lára rẹ̀, iná àwọ̀ ewé á tàn, ó ti wọlé. Tèmi dé, iná pupa. Mo ṣí fìlà, iná pupa. Mo yọ awò ojú mi, iná pupa náà ni. Òjò ń rọ̀, àwọn èèyàn ti tò gbọọrọ lẹ́yìn mi, obìnrin tó wà nínú ẹ̀rọ náà sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé kí n jọ̀wọ́ kọjú sí i dáadáa. Ibo ni mo tún fẹ́ kọjú sí? Bàbá kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí a ń pè ní shūshu, bí àwa ṣe máa ń pe àbúrò bàbá ẹni, ló jáde sí mi. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí mi lójú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù, ó fi ìka méjì ti àgbọ̀n mi sókè. Géètì ṣí.

Láti ọjọ́ yẹn, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, èmi fúnra mi ni mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ara mi kí n tó débẹ̀. Fọ́tò ojú bíi tèmi ò pọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà níṣẹ́, ohun tí wọn ò bá sì fi hàn án, kò sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Tuntun yìí dá mi mọ̀ tòun ti ìbòmú lójú mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo tiẹ̀ ké sí ọ̀rẹ́ mi kan pé kó wá wò ó. Ẹ wo èmi: mò ń yọ̀ pé ohun tó ń ṣọ́ mi ti wá mọ̀ mí.

Òṣómàáló ni Bàbá Ìjọ̀ká nígbà ayé wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú ni, tí wọ́n ń gbé e fún èèyàn láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè lọ́jọ́ tí àdéhùn bá pé, tí wọn ò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Bídà ni Bàbá ti ṣe tiwọn. Wọ́n máa ń sọ pé ó nílé tí àwọn ti lóṣòó láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí adìyẹ fi wọlé, tí ìyàwó onígbèsè fi gbé oúnjẹ fún àwọn nítorí ìtìjú. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé wọ́n á gbádùn ìtàn àwọn onígbèsè Ṣáínà.

Láti 2013 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ sí: ẹni tí adájọ́ ti ní kó san gbèsè, tó lágbára àtisan án, tó sì kọ̀. Orúkọ rẹ bá wọ ibẹ̀, o ò ní lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, o ò ní lè wọ ọkọ̀ ojú irin asáré. Láwọn ìlú kan, wọ́n máa ń gbé fọ́tò onígbèsè sójú pátákó oníná nígboro kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè rí i.

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò nínú ọpọ́n ayò. "A jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn lóṣòó!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi hukọ́. Wọ́n ní ká ní irú ẹ̀ wà ní Bídà ni, orúnkún ò ní máa ro àwọn báyìí.

Ó yẹ kí n fi í síbẹ̀, àmọ́ mo tún sọ ti ìlú Zhengzhou. Nígbà kòrónà, oṣù Fẹ́búárì 2020, Hangzhou náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé àmì kan sórí fóònù wa. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, máa lọ síbi tó wù ọ́. Tó bá pupa, jókòó sílé. Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Nígbà tó di 2022, àwọn báǹkì kéékèèké kan ní ẹkùn Henan ti owó àwọn èèyàn mọ́lé. Ní oṣù Júùnù, àwọn tó lowó gbéra láti lọ bèèrè rẹ̀ ní Zhengzhou, olú ìlú Henan, ni àmì orí fóònù wọn bá pọ́n. Àrùn ò ṣe wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló yí i sí pupa kí wọ́n má bàa lè dé báǹkì. 1,317 ni àwọn tó fara gbá a, òṣìṣẹ́ ìjọba márùn-ún sì jẹ níyà fún un lẹ́yìn tí ariwo ta.

Bàbá dákẹ́. "Àwọn tí wọ́n jẹ lówó ni ẹ̀rọ wá dá dúró?"

"Àwọn ni, sà."

Ọmọ ayò mẹ́rin wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tà á, wọ́n kàn ń mì í nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé.

Sájẹ́ǹtì ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ó ní gbogbo ohun tí mò ń sọ, ti ará ìlú ni. Ti ṣọ́jà wọn ńkọ́? Mo ní ohun tí wàhálà rẹ̀ wà níbẹ̀ ni pé wọn ò yà á sọ́tọ̀. Ayò ni mo fi ṣe àlàyé rẹ̀.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú ìbátan ayò wa kan tí wọ́n ń pè ní awari. Gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè tò sínú ọpọ́n, bíi 889 bílíọ̀nù, ni ẹ̀rọ náà wò tán. Ó ní tí ẹni méjèèjì tó ń ta á ò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. (Sájẹ́ǹtì: "Ọ̀mì kẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ mí láti àárọ̀?") Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn, wéiqí, tí ojú tí wọ́n lè ta ọmọ sí lórí ọpọ́n rẹ̀ jẹ́ 361, tí kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á tán. Wọ́n fọkàn balẹ̀ pé ti èèyàn lèyí. Ní oṣù Karùn-ún 2017, ní Wuzhen, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Hangzhou, ẹ̀rọ AlphaGo ti Google na Ke Jie ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́ta. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ke Jie nígbà náà, òun sì ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù láyé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìjọba Ṣáínà gbé ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) wọn jáde: nígbà tó bá fi máa di 2030, àwọn ni kí wọ́n ṣíwájú gbogbo ayé, kí òwò rẹ̀ gan-an sì lé ní tírílíọ̀nù kan yuan. Inú ètò yẹn kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a po ti ológun àti ti ará ìlú pọ̀. Lóṣù Jánúárì ọdún náà ni wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún àpòpọ̀ yìí, Xi Jinping fúnra rẹ̀ sì ni alága. Òfin tún jáde lọ́dún kan náà pé kí gbogbo iléeṣẹ́ àti ọmọ ìlú máa ran àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Ẹ má sì rò pé Ṣáínà nìkan ni. Ọdún 2017 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò Maven, kí ẹ̀rọ máa bá wọn wo àwòrán tí dróònù ń yà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Google fárí gá ní 2018, Google ò sì tún àdéhùn náà ṣe. Ní gbogbo ọdún tí mo lò ní Hangzhou, mi ò gbọ́ kí òṣìṣẹ́ kankan pariwo irú ẹ̀ síta.

Mo rí ajá rọ́bọ́ọ̀tì nílé ìtajà ńlá kan níbẹ̀, tó ń jó fún àwọn ọmọdé. Hangzhou ni Unitree tó ń ṣe irú rẹ̀ wà. Ní oṣù Kẹwàá 2022, Unitree, Boston Dynamics àti iléeṣẹ́ mẹ́rin mìíràn fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ní gbé ohun ìjà lé rọ́bọ́ọ̀tì àwọn. Ní oṣù Karùn-ún 2024, tẹlifíṣọ̀n ìjọba gbé àwòrán ìdánrawò tí ọmọ ogun Ṣáínà ṣe pẹ̀lú ti Kambódíà jáde: ajá rọ́bọ́ọ̀tì, ìbọn lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò sọ ibi tí wọ́n ti rà á o. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 2025, mo lọ kí shūshu wa àtijọ́ nínú ahéré rẹ̀ lẹ́nu géètì, a jọ ń wo ìwọ́de ológun ní Beijing lórí fóònù rẹ̀. Ìkookò rọ́bọ́ọ̀tì ń kọjá lórí ọkọ̀. Òun náà ti ṣe ṣọ́jà rí. Ó fi ìka kan ojú fóònù, ó ní, "Ajá tó ń jó yẹn ti dàgbà."

Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní àwa náà ń fi dróònù Ṣáínà jagun, àbí irọ́ ni? Kì í ṣe irọ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí CH-3 ti wà lọ́wọ́ ọmọ ogun òfurufú wa, Wing Loong II sì dé ní 2020. Ó wá rán wa létí Tudun Biri, ní Kàdúná, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023. Àwọn ará abúlé ń ṣe ọjọ́ ìbí Ànábì lọ́wọ́, dróònù àwọn ọmọ ogun wa sọ bọ́ǹbù lù wọ́n. Èèyàn tó lé ní 80 ló kú, àwọn ológun sì gbà pé àṣìṣe ni.

"Ojú èèyàn ló wò ó lọ́jọ́ yẹn," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ojú èèyàn, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bíi tiwọn. Ojú tí kò dá ọ mọ̀ lẹ́nu géètì nínú òjò ni wọ́n wá fẹ́ gbé ìbọn fún?"

Mo ní ní oṣù Kọkànlá 2024, ní Lima, Biden àti Xi fohùn ṣọ̀kan pé èèyàn ni yóò máa pinnu ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù núkílíà, pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ní kí n má fi núkílíà dá òun lóhùn. Ìbọn kékeré lòun ń bi mí. Mi ò ní èsì.

Màmá Ìjọ̀ká gbé iyán dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo sọ bí Amẹ́ríkà ṣe fòfin de títa chip (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó lágbára jù fún Ṣáínà ní oṣù Kẹwàá 2022, àti bí DeepSeek, iléeṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó wà ní Hangzhou níbẹ̀ náà, ṣe gbé R1, ẹ̀rọ wọn tó ń dáhùn ìbéèrè, jáde ní oṣù Jánúárì 2025, tí Nvidia, iléeṣẹ́ chip ti Amẹ́ríkà, fi pàdánù bíi 600 bílíọ̀nù dọ́là lọ́jọ́ kan ṣoṣo lórí ọjà ìdókòwò. Onílé mi, obìnrin tí kì í fi ìsọkúsọ ránṣẹ́, fi àwòrán ẹja whale tó jẹ́ àmì DeepSeek ránṣẹ́ sí mi nígbà mẹ́fà. Bàbá bu òkèlè, wọ́n ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Wọ́n ti ń mú tiwọn láti ilé nìyẹn." Mo ní ìjọba tiwa náà ti gbé N-ATLAS, ọgbọ́n àtọwọ́dá tiwa, jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2025, tó ń gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Bàbá ní kí n mú un wá kí àwọn bá a sọ̀rọ̀. Kò sí lórí fóònù mi. Èyí tó wà níbẹ̀, ti òkèèrè ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Mo ṣí i fún wọn. Bàbá fọwọ́ wọn mú fóònù jìnnà sójú, wọ́n bi í pé kí ni òṣómàáló. Ó ní ijó ìbílẹ̀ kan ni, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jó nígbà ọdún. Sájẹ́ǹtì ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á lọ́yẹ̀: bí wọ́n ṣe ń di ẹrù aṣọ, iye oṣù tí wọ́n fi ń dá àwìn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi ń kí onígbèsè láàárọ̀ kó má bàa ráyè sá, orúkọ àwọn oníbàárà wọn ní Bídà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun ti kẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá gbójú sókè sí mi. "Ta ló ń tọ́jú gbogbo ohun tí mo sọ yìí?"

Mo ní inú kọ̀ǹpútà àwọn tó ni ín ni, sà, lọ́hùn-ún.

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n dojú fóònù mi bolẹ̀ lórí àga, wọ́n fa ọpọ́n ayò sún mọ́ra. "Sájẹ́ǹtì, ìwọ ló kàn."